Olùkọ́, Ìwé Atúmọ̀ Èdè tàbí Fóònù: Èwo ni Kí Ẹ Yàn fún Kíkọ́ Fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì?

Bí a bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe kóòtù tí adájọ́ ti ń dájọ́ àti kóòtù tí ọkọ ìyàwó wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Etí wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì sí ẹ̀bi kankan níbẹ̀, nítorí pé Yorùbá ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ní etí ẹni tí ó ni Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ́lì inú ‘court’ jìnnà sí ti inú ‘coat’ gẹ́gẹ́ bí ‘oko’ ṣe jìnnà sí ‘ọkọ’ ní etí tiwa. Bí àlejò kan bá dé ọjà, tí ó ní òun ń wá oko òun nígbà tí ọkọ rẹ̀ ni ó ń wá, a ó mọ ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ dúró wò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ó ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń dúró wo àwa náà.

Yorùbá ní fáwẹ́lì àìránmúpè méje àti aránmúpè márùn-ún (èyí tí ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde) tí a ń kọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtéènì, èyí tí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń tẹ̀ lé, ní ìró fáwẹ́lì 20: 12 nínú wọn máa ń dúró sójú kan, 8 yòókù sì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbì kan nínú ẹnu kí wọ́n tó parí síbòmíràn. Lẹ́tà márùn-ún, pẹ̀lú ‘y’ nígbà mìíràn, ni wọ́n sì fi ń kọ gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí lẹ́tà ‘a’ kan náà fi ń dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ‘cat’, ‘cake’, ‘call’, ‘car’ àti ‘about’. Ojú tí ó ń wo lẹ́tà ni ó ń ṣi etí lọ́nà. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti yá: ‘nurse’ di nọ́ọ̀sì, ‘church’ di ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ‘shirt’ di ṣẹ́ẹ̀tì, ‘skirt’ sì di síkẹ́ẹ̀tì. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ni a fún méjì ní ọ, tí a fún méjì ní ẹ, nítorí pé ‘ur’ ni a rí nínú ti àkọ́kọ́, ‘ir’ ni a sì rí nínú ti ìkejì.

Mo ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú yìí, mo sì ń ṣe lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé ni àwọn òbí máa ń bi mí pé, “Tíṣà, ṣé kí n gba olùkọ́ fún ọmọ yìí ni, àbí kí n ra dátà fún un kí ó máa wò ó lórí fóònù?” Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé owó kò sí nílẹ̀ tí ènìyàn yóò fi ra gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ni ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ rò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ ka dátà tí yóò máa tán mọ́ ọn, àti owó ọ̀kadà láti ilé lọ sí ibi lẹ́sìnnì ní àdúgbò Tákìé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti bátìrì fóònù tí yóò kú ní ọjọ́ tí iná kò bá wá.

Ohun kejì ni mo gbà pé ó ju gbogbo wọn lọ: ṣé ohun tí ẹ fẹ́ yàn yìí ń gbọ́ yín? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ni ó ń sọ̀rọ̀ sí wa létí. Díẹ̀ ni ó ń gbọ́ tiwa tí ó sì ń sọ fún wa ibi tí a ti ṣì í. Ẹni tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ lálẹ́ láìsí ẹni tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà dà bí ọmọ tí ó ń wo àwọn àyàn bí wọ́n ṣe ń lu dùndún, tí kò sì di kọ̀ǹgọ́ mú rí.

Ohun kẹta ni kí ó dúró lórí ìpè kan. Ìpè àwọn ará Amẹ́ríkà kò burú, ṣùgbọ́n ‘hot’ wọn sún mọ́ ‘a’ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni ‘hot’ ti àwọn ará Bìrìtéènì sún mọ́ ‘ọ’. Ọmọ tí ó gbọ́ èyí lónìí, tí ó gbọ́ ìyẹn lọ́la, tí ẹnì kankan kò ṣàlàyé fún, yóò rò pé kò sí òfin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún, nítorí pé ìdánwò WAEC, iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́léósinmi àti ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun kì í béèrè ohun kan náà.

Olùkọ́ ojúkojú

N ó pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé òun ni ó wọ́n jù, òun sì ni ó lè ṣe ohun tí ìyókù kò lè ṣe. Olùkọ́ ń rí ẹnu yín. Ọmọkùnrin kan wà ní ọ̀dọ̀ mi tí ‘cup’ rẹ̀ kì í kúrò ní ‘kọ́ọ̀pù’, bí ó ti wù kí ó gbọ́ ọ tó. Mo gbé jígí kékeré kan sí iwájú rẹ̀, mo ní kí ó tún un pè, kí ó má wo ojú mi, kí ó wo ètè ara rẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣe roboto. Mo ní kí ó pe ‘ata’. Ètè rẹ̀ tẹ́, kò ká jọ. Mo ní, “Fi ètè ata pe ‘cup’, kí o sì gé e kúrú.” Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún un pè, ó sì rẹ́rìn-ín nítorí pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ pé ohun tí ó jáde yàtọ̀. Gbogbo ọdún tí ó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ètè rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò lè pe ìró náà kò lè kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa ni pé ọ̀kan náà ni ‘cup’ àti ‘cop’. Wọn kì í ṣe aláìbìkítà. Ohun tí wọ́n kọ́ àwọn náà ni wọ́n fi kọ́ wa, tọkàntọkàn sì ni wọ́n fi kọ́ wa. Èmi gbé àṣìṣe náà dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì gbà mí ní àkókò gígùn kí n tó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tí ó ń ṣe lẹ́sìnnì ní àdúgbò Under G tàbí olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹ dán an wò báyìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ kọ ‘bird’, ‘bed’, ‘bad’ àti ‘bud’ sórí ìwé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó pè wọ́n bí ó bá ṣe wù ú, láìtẹ̀ lé bí ẹ ṣe kọ wọ́n, kí ẹ̀yin sì kẹ́yìn sí i. Bí ‘bird’ rẹ̀ àti ‘bed’ rẹ̀ bá jẹ́ ‘bẹ́ẹ̀dì’ kan náà, tí ẹ kò lè mọ èyí tí ó pè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Bí ẹ̀yin náà bá mọ̀ pé etí yín kò tíì yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ mú ẹnì kan dání tí etí rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní ti owó, àwọn òbí mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dá owó jọ fún olùkọ́ kan. Bí àwọn ọmọ bá ti ju márùn-ún lọ, kò ní lè máa wo ẹnu kọ̀ọ̀kan mọ́, orin àkọsórí ni yóò sì dà: gbogbo wọn yóò jọ máa ké, ẹni tí ó ṣì í yóò fara pamọ́ sábẹ́ ohùn ẹni tí ó gbà á.

Ìwé atúmọ̀ èdè

Àwọn kan rò pé ìwé kò lè kọ́ni ní ìró. Wọ́n gbàgbé ohun tí àmì abẹ́ lẹ́tà ń ṣe fún àwa náà. Lẹ́tà márùn-ún kò tó fún fáwẹ́lì méje wa, ni a fi fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ. Iṣẹ́ tí àwọn àmì inú ìwé atúmọ̀ èdè ń ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn: àmì kan, ìró kan, bí ó ti wù kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá ṣí ‘nurse’, ‘church’, ‘shirt’ àti ‘skirt’ nínú ìwé náà, àmì /ɜː/ ni ẹ ó bá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú tí ó ṣi etí lọ́nà tẹ́lẹ̀ ti wá ń tún un ṣe nìyẹn.

Ìwé ńlá ti Oxford tí a ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí A. S. Hornby bẹ̀rẹ̀, tí Oxford sì tẹ̀ jáde ní 1948, ni ọ̀pọ̀ ilé ní lọ́wọ́. Ìwé mìíràn wà tí Daniel Jones, onímọ̀ ìró èdè ní Bìrìtéènì, ṣe, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1917; òun kò sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń pè é nìkan ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ara rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Olùkọ́ ni ó wúlò fún. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ra ìwé, kì í béèrè iná, kì í béèrè dátà, kì í sì í pe ọ̀rọ̀ bí ará Bìrìtéènì lónìí kí ó tún pè é bí ará Amẹ́ríkà lọ́la láìsọ fún yín. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ayédèrú. Mo ti rí ẹ̀dà kan tí wọ́n tẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀, tí àmì méjì tí ó ń fi hàn pé fáwẹ́lì gùn ti parẹ́ ní ọ̀pọ̀ ojú ìwé, tí ‘seat’ àti ‘sit’ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ ṣí ìwé náà síbi ọ̀rọ̀ méjì yìí ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò lóhùn. Ẹni tí kò gbọ́ /ɜː/ rí yóò wò ó bí ẹ tí wọ́n yí lójú, yóò sì pè é ní ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun kan tí àwọn òbí kì í sábà rò: ìdánwò Orals ti WAEC ní Nàìjíríà jẹ́ ìbéèrè 60 ní ìṣẹ́jú 45, yíyan ìdáhùn ni, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn ọmọ náà rárá. Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀, wọ́n á sì ní kí ó mú ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ní ìró kan náà. Iṣẹ́ tí ìwé atúmọ̀ èdè mọ̀ jù nìyí, nítorí pé ọmọ tí ó mọ àwọn àmì yóò rí ìdáhùn bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà. Ó tún túmọ̀ sí pé ọmọ lè ṣe dáadáa nínú Orals kí ẹnu rẹ̀ má sì tíì yí padà.

Rédíò àti fídíò

Rédíò kò wọ́n, ó sì dára fún etí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kọjá ti kọjá. Fídíò sàn jù ú lọ nítorí pé ẹ lè dá a padà, ẹ sì lè rí ètè ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn fídíò BBC Learning English tí ó mú ìró kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan kò gba owó kankan ju dátà lọ, ìpè Bìrìtéènì ni wọ́n sì ń kọ́ni. Bí ẹ bá dín bí àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ tó kù, dátà kò ní tètè tán, ẹ ó sì ṣì rí ẹnu náà. Ẹ mú olùkọ́ orí fídíò kan ṣoṣo, kí ẹ bá a dé òpin. Ẹni tí ó ń fo láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn yóò gbọ́ ìpè mẹ́rin ní alẹ́ kan ṣoṣo.

Áàpù tí ó ń fún ni ní máàkì

Àwọn yìí ń gbọ́ni, wọ́n sì ní sùúrù tí ènìyàn kò ní. Wọn kì í rẹ́rìn-ín ìyẹ̀yẹ́, ẹ lè pe ọ̀rọ̀ kan nígbà ogún láìsí pé ara ń ti yín. Fún àgbàlagbà tí ojú ń tì láti ṣì í níwájú ọmọdé, oore ńlá ni èyí jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni a ń san owó wọn lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, iye dọ́là ọjọ́ náà sì ni yóò pinnu iye náírà tí ẹ ó san. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, ọ̀pọ̀ wọn kò ní lè gbọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń múra ìdánwò IELTS, èyí tí wọ́n fi ń wo bí ènìyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti lo ọ̀kan nínú àwọn áàpù yìí fún oṣù mẹ́ta. A jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, ó pe ‘work’, àmì aláwọ̀ ewé yọ. Ó pè é dáadáa lóòótọ́, inú mi sì dùn. Mo wá bi í ní Gẹ̀ẹ́sì níbo ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì dáhùn kíákíá pé ‘I wọ́ọ̀kì’ ní ilé ìwòsàn báyìí báyìí. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Áàpù náà kò purọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbọ́, ó sì fún un ní máàkì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn tún wà tí máàkì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sábà fi hàn. Fáwẹ́lì tí ó wọ́pọ̀ jù ní Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó rọ̀ jù, tí kì í gba ìtẹnumọ́, irú èyí tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ‘about’ àti ní ìparí ‘teacher’. Àwọn bàbá wa gbọ́ ọ. Ẹ wo tíṣà, dókítà àti dírẹ́bà: ohùn ìsàlẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi parí, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà mì. Ṣùgbọ́n àwa máa ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a kì í gbé ọ̀kankan mì. Inú gbólóhùn ni fáwẹ́lì rírọ̀ yìí ń gbé jù, nínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi ‘to’, ‘of’ àti ‘and’, nítorí náà ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dánra wò kò ní bá a pàdé.

Fóònù lásán, láìsan owó

Èyí ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn olùkọ́ gidi. Fóònù kékeré tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ ti tó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì-méjì tí ó jọra: ‘sit’ àti ‘seat’, ‘full’ àti ‘fool’, ‘cat’ àti ‘cart’, ‘cot’ àti ‘caught’, ‘cut’ àti ‘cot’. Ẹ da ètò wọn rú, ẹ ka wọ́n sínú fóònù, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ki íápíìsì bọ etí, ẹ gbọ́ ohùn ara yín, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó fi wé ìwé ti àná. Ibi tí méjèèjì kò bá ti bára mu ni iṣẹ́ wà. Ó ṣe pàtàkì kí ọjọ́ kan kọjá, nítorí pé ní ọjọ́ kan náà, ohun tí ẹ ní lọ́kàn láti sọ ni ẹ ó máa gbọ́, kì í ṣe ohun tí ẹ sọ.

Bí fóònù yín bá ní ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ sí i tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtéènì, kí ẹ sì pe ‘live’ àti ‘leave’ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi wọ́n sínú gbólóhùn, nítorí pé fóònù máa ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nítòsí láti fi mọ èyí tí ẹ fẹ́ sọ, yóò sì dáríjì yín níbi tí ènìyàn kò ti ní dáríjì yín.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti kùnà ni pé etí ẹni ni onídàájọ́. Bí etí kò bá tíì ya ‘cut’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘cot’, ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fòyà lórí etí Yorùbá. Etí tí ó mọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìronú kì í ṣe etí tí ó kú. Ẹnì kan ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò máa tẹ́tí sí fún un.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ọmọ SS3 tí WAEC nìkan wà níwájú rẹ̀, kí ó mú ìwé atúmọ̀ èdè àti ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá. Bí owó bá kù, kí ó lọ bá olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, títí tí yóò fi gbọ́ ìró tí ó wà nídìí àmì kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tí ó fẹ́ ṣe IELTS gbọ́dọ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni apá ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀, ìpè sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n ń fún ní máàkì dọ́gba-dọ́gba. Olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ó mú, kí ó máa fi áàpù ṣe ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀ bí agbára bá ká a, ṣùgbọ́n kí ó má fi áàpù rọ́pò olùkọ́.

Olùkọ́ jẹ́léósinmi ni mo bẹ̀ jù láti ná owó sórí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ohun tí ó bá wà lẹ́nu wọn ni ọgbọ̀n ọmọ yóò gbé lọ sílé. Bí ọmọ yín bá ní ìṣòro etí, ẹ má ra áàpù tàbí rédíò kankan. Ẹ wá olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Ọ̀yọ́ tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní ìpèníjà ara, ibẹ̀ sì ni ó dára láti kọ́kọ́ béèrè.

Ẹni tí ó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún òwò rẹ̀, tí ó kàn fẹ́ kí oníbàárà máa gbọ́ ọ yé, fídíò kan àti fóònù lásán ti tó o.

Ẹni tí kò sì lówó kankan lọ́wọ́, kí ó wá jígí, kí ó yá ìwé atúmọ̀ èdè ka, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘bird’. Kí ahọ́n sinmi láàárín ẹnu, kí ètè má perese, kí ó má sì roboto, kí ohùn gùn díẹ̀. Bí ètè bá ti ń ká jọ nínú jígí, ọ ni ó ń pè. Bí ó bá ti ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ni.